Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ owó, ibo ni wákàtí ẹ̀ ń lọ?

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ nídìí káńtà kan, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mọ́kànlá alẹ́. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀sáàmù mi ku ọ̀la, tí kì í tiẹ̀ ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, ọ̀gá wa pè mí lórí fóònù pé ẹnì kan ò wá, ṣé mo lè sáré wá dí àyè ẹ̀, mi ò sì lè sọ pé rárá torí mo mọ̀ pé tí mo bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣífùtì mi á dín kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo bá gbéra mo lọ. Nígbà tí mo padà délé mo ṣí ìwé, mo fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́ kí ojú mi má baà fò, mo ka ojú ìwé yẹn, mo tún un kà, mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, ojú mi ń lọ lórí ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n nǹkan kan ò wọlé. Ìgbà tí mo máa jí, ilẹ̀ ti mọ́, ìka mi ṣì wà lórí ìwé yẹn. Mo pàásì o, ṣùgbọ́n mo kàn rá pálá yọ ni, ó sì ń dùn mí di báyìí torí kọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ́dún yẹn.

Mo fi ìyẹn ṣáájú torí pé tí ọ̀rọ̀ bóyá ó dáa kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣiṣẹ́ owó bá délẹ̀, ọ̀nà méjì péré làwọn èèyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ìwé ò fẹ́ orogún, ẹni tó bá fẹ́ kàwé kó jókòó kàwé, ẹni tó bá fẹ́ wá owó kó lọ wá owó. Àwọn kan á ní iṣẹ́ kì í pa èèyàn, pé àwọn náà ṣiṣẹ́ kàwé jáde, kí ló wá ṣe àwọn. Tọ̀tún-tòsì ló ní ibi tó ti jàre, ṣùgbọ́n èmi rí i pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ò wọlẹ̀ tó. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni pé iṣẹ́ yẹn, wákàtí wo ló ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ta ló sì ń yan wákàtí náà? Ẹni méjì lè máa ṣiṣẹ́ wákàtí méjìdínlógún lọ́sẹ̀, kí ìkan máa gbá A lọ kí èkejì máa tún kọ́ọ̀sì ṣe, ìdí ẹ̀ sì wà níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, torí ó jọ pé ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ṣì rò pé àwọn díẹ̀ kan ni. Ní Amẹ́ríkà, ìṣirò ìjọba wọn fún ọdún 2020 fi hàn pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100 tó ń ka dígírì àkọ́kọ́ fúù-táìmù, 40 ló ń ṣiṣẹ́ owó, àwọn páàtì-táìmù jẹ́ 74 nínú 100, ọdún kòrónà sì lèyí o, tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn pa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HEPI àti Advance HE, àjọ méjì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yunifásítì, máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn léèrè lọ́dọọdún, ní 2024 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ owó láàárín sáà ẹ̀kọ́ jẹ́ 56 nínú 100, ní 2025 ó ti di 68. Ọdún kan péré ló gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ò fara sin, owó ilé àti owó oúnjẹ ń sáré, ẹ̀yáwó àti owó ìrànwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà ń rìn gbẹ̀rẹ́. Tí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, ti olówó ti tálákà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì tó ń fi kírẹ́díìtì ṣiṣẹ́ ló gbà pé wákàtí kan ní kíláàsì gbọ́dọ̀ ní wákàtí méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi dá kàwé lẹ́yìn ẹ̀, kírẹ́díìtì kan sì jẹ́ wákàtí kan ní kíláàsì lọ́sẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó gbé kírẹ́díìtì 15 ti ní iṣẹ́ wákàtí 45 lọ́sẹ̀ lọ́rùn kó tó wá iṣẹ́ kankan rárá. Ní Yúróòpù, ọdún ẹ̀kọ́ kan jẹ́ kírẹ́díìtì 60, wọ́n sì ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 25 sí 30, ẹ bá mi rò ó, wákàtí 1500 sí 1800 lọ́dún, iṣẹ́ odidi òṣìṣẹ́ kan nìyẹn. Ẹ yọ oorun wákàtí 7 lóòjọ́, tó jẹ́ òdiwọ̀n tó kéré jù táwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà là kalẹ̀ fún àgbàlagbà ní 2015, 49 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ó ku 74. Nínú 74 yẹn lèèyàn ti máa wẹ̀, tó máa jẹun, tó máa fọṣọ, tó máa wọkọ̀ lọ wọkọ̀ bọ̀, tó máa pe àwọn ará ilé, tó máa ṣàìsàn tó bá yá, ká fi wákàtí mẹ́rin sí i lóòjọ́, ó ku 46. Iṣẹ́ wákàtí 20 wọ inú ẹ̀ dáadáa, èèyàn ṣì máa rí ibi mí. Iṣẹ́ wákàtí 35 náà wọ inú ẹ̀ lórí bébà, á ku 11, ṣùgbọ́n ayé kì í lọ bíi bébà, ọjọ́ kan tí mọ́tò bá pẹ́, asáínmẹ́ǹtì kan tó bá le ju bí a ṣe rò lọ, 11 yẹn ti tán, ohun tó máa kàn láti fà sì ni oorun.

Oorun yìí sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dé láago méjìlá òru máa ń sọ pé òun á dín oorun kù, òun á fi kàwé. Ṣùgbọ́n inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kó jọ lójúmọ́, tó ń so tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wá gé oorun torí ìwé, ó ń da ìwé yẹn sínú apẹ̀rẹ̀ tó jò. Wákàtí kan láago mẹ́wàá àárọ̀ àti wákàtí kan láago kan òru, aago ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ọpọlọ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ka ojú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí pé wákàtí mélòó ni mo fi kàwé, màá ní méjì, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Wàyí o, ṣé ìwádìí tiẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ ń pa máàkì lára? Ibí yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Tẹ́ ẹ bá kó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sápá kan, ẹ kó àwọn tí ò ṣiṣẹ́ sápá kejì, kẹ́ ẹ wá wo máàkì wọn, ohun tẹ́ ẹ máa rí lè má jẹ́ ti iṣẹ́ rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ẹni tó lákíkanjú, tó mọ àkókò lò, àá wá rò pé iṣẹ́ ò ṣe é ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni máàkì ẹ̀ ì bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ò ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìwé ti sú ẹlòmíì tẹ́lẹ̀ ló bá lọ gba iṣẹ́ kún iṣẹ́, àá wá máa di ẹ̀bi ru iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kọ́ ló yan iye wákàtí tí wọ́n ń ṣe.

Irú ibẹ̀ wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń bẹ ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Berea, láti ọdún 1892 ni wọn ò ti gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ó kéré tán wákàtí 10 lọ́sẹ̀, ọmọ ọdún kìíní kì í sì í yan iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ilé ìwé ló máa pín in fún un. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ 10 yẹn náà ni, òmíì wà tí wọ́n á jẹ́ kéèyàn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùwádìí méjì, Ralph Stinebrickner àti Todd Stinebrickner, rí i pé èyí jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n, wọ́n lò ó, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2003. Tí wọ́n bá kàn fi ojú lásán wò ó, kò hàn pé iṣẹ́ ń ṣèpalára kankan. Ìgbà tí wọ́n wá lo ìpín iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ò lọ́wọ́ sí yẹn, wọ́n rí i pé wákàtí kan ṣoṣo tó bá lé lọ́sẹ̀ ń fa GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì, ti sáà àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 0.16, lórí òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé 4.0 ni òkè pátápátá. Wákàtí kan péré o. Mo mọ̀ pé ilé ìwé kan ni, ọmọ ọdún kìíní sì ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé yunifásítì, mi ò ní mú un pé bó ṣe máa rí lára ẹni ọdún kẹrin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tó ń sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ń ṣe dáadáa, kò sí wàhálà.

Àwọn méjì yẹn náà tún padà sí Berea, èsì tó jáde ní 2008, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wákàtí ìwé kan tiẹ̀ jẹ́ gan-an. Ọgbọ́n tí wọ́n dá wù mí púpọ̀: ilé ìwé ló ń yan ẹni tí wọ́n máa jọ gbé yàrá fún ọmọ tuntun, ẹni tó bá wá ṣe kòńgẹ́ ẹni tó gbé ẹ̀rọ géèmù wá sí yàrá, kì í kàwé tó ẹlòmíì, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, orí ló pín wọn pọ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé wákàtí kan sí i tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ń kàwé lójoojúmọ́ ń gbé GPA lọ sókè ní nǹkan bíi 0.36. Fún mi, èyí ló ṣàlàyé ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ọ̀run ló fi iṣẹ́ owó gégùn-ún, ohunkóhun tó bá ti mú wákàtí ìwé lọ, ì báà jẹ́ géèmù, ì báà jẹ́ káńtà, ipa kan náà ló máa ní lórí máàkì.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Olùwádìí kan, Rajeev Darolia, tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri Amẹ́ríkà, ó gbé tiẹ̀ jáde ní 2014, kò sì rí i pé máàkì wọn ń já wálẹ̀ bí wákàtí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ má tíì pariwo ayọ̀. Ohun tó rí ni pé àwọn tó ń kàwé fúù-táìmù, bí iṣẹ́ wọn bá ṣe ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni iye kírẹ́díìtì tí wọ́n ń parí ní sáà kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Ṣé ẹ rí i? Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́gbọ́n tó rí i pé òun ò ní lè kọ́ kọ́ọ̀sì márùn-ún mọ́, á sọ ìkan tàbí méjì kalẹ̀ kó lè dáàbò bo máàkì àwọn tó kù. GPA ẹ̀ á dúró, ojú ẹ̀ á mọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ti di ọdún márùn-ún, ó ti di mẹ́fà, owó ilé ń lọ, ẹ̀yáwó ń lé e, ó sì ní láti ṣiṣẹ́ sí i torí pé ó pẹ́ sí i. Ẹlòmíì á dúró díẹ̀, á ní òun á padà wá. Àwọn kan padà wá lóòótọ́. Nítorí náà ilé ìwé tó bá ń wo GPA nìkan kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ń pa ọmọ kan lára, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Iye kọ́ọ̀sì tó sọ kalẹ̀ ní kí wọ́n máa wò, ibẹ̀ ni àmì kọ́kọ́ ti ń yọ.

Ọ̀rọ̀ wákàtí 20 tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ńkọ́, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀? Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí bíi Gary Pike àti George Kuh wo àwọn ọmọ ọdún kìíní, èsì wọn jáde ní 2008, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ ni máàkì wọn kéré. Àwọn orílẹ̀-èdè náà fẹ́ràn nǹkan bíi 20 yẹn nínú òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, 20 lọ́sẹ̀ ni fún ẹni tó ń ka dígírì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín sáà ẹ̀kọ́, 20 ni nínú ọgbà ilé ìwé ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà fi sí 48 fún ọ̀sẹ̀ méjì láti oṣù keje 2023, Kánádà ká òdiwọ̀n tiwọn kúrò láti oṣù kọkànlá 2022 títí di oṣù kẹrin 2024, wọ́n wá fi sí 24 láti oṣù kọkànlá 2024, Jámánì ń ka ọjọ́ ni tiwọn, 140 odidi ọjọ́ lọ́dún láti 2024. Tẹ́ ẹ bá wo bí wọ́n ṣe ń sún un síwá sẹ́yìn, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan kọ́ ló ń darí ẹ̀, bí àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Èmi ò kórìíra 20, ó dáa kí ìlà kan wà nílẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnì kan máa ṣe 19 kó wá fọkàn balẹ̀ pé ewu ti kọjá, nígbà tó jẹ́ pé 19 yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí ló ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ róósítà, ibi tí mo gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fara kọ́. Nǹkan méjì ni iṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, ó ń gba wákàtí, ó sì ń gba agbára láti mọ ohun tí ọ̀la máa jẹ́. Èkejì yìí kì í hàn nínú ìṣirò kankan. Ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́ òun, láago méjì sí mẹ́fà, láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dópin, á to ìwé ẹ̀ yí i ká, á mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tòun àti láàbù, á fi ọjọ́ Àìkú kọ asáínmẹ́ǹtì, ara ẹ̀ á mọ ọ́n. Ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń fi róósítà ọ̀sẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé áàpù ló ń pín iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ̀ lónìí, iṣẹ́ lè má yọjú sí i lọ́la, kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, kò lè wọ ẹgbẹ́ ìkàwé, kò lè sọ fún olùkọ́ pé òun ń bọ̀ wá rí i lọ́jọ́bọ̀. Kódà lọ́jọ́ tí kò ṣiṣẹ́, etí ẹ̀ wà lẹ́nu fóònù. Ẹ lọ wò ó nínú lẹ́kíṣọ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n, òun ni fóònù ẹ̀ wà lójúkojú lórí tábìlì, kì í ṣe pé ó ń ṣeré, ó ń dúró de ṣífùtì ni. Wákàtí mẹ́wàá tí èèyàn ò mọ ìgbà tó ń bọ̀ lè ba ọ̀sẹ̀ jẹ́ ju ogún tó dúró sójú kan lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà náà ní ipa tiẹ̀. Láti 1975 ni Alexander Astin, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, nídìí ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti ń sọ ọ́ pé iṣẹ́ páàtì-táìmù nínú ọgbà ilé ìwé máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró parí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, ọ̀gá ẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ ẹ̀sáàmù, kò sí mọ́tò kankan láti wọ̀, á máa bá àwọn olùkọ́ pàdé, á gbọ́ pé sikọ́láṣíìpù kan jáde, tó bá dáwọ́ dúró fún iṣẹ́jú mẹ́wàá ìwé ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí iṣẹ́ bá tún wá bá ohun tó ń kọ́ mu, bíi ẹni tó ń kọ́ ìṣirò owó tó ń bá ọ́fíìsì kan tọ́jú ìwé owó, ohun tó ń rí níbi iṣẹ́ á máa là á yé e ní kíláàsì. Àmọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, àwọn tó sì ń rí i gbà máa ń jẹ́ àwọn tó ní ẹni tó mọ ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tó máa ń ká mi lára jù. Àwọn tó ń ṣe wákàtí tó pọ̀ jù, tí wákàtí wọn ò dúró sójú kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn ọmọ tí ò ní ẹ̀yìn ni. Ẹlòmíì tiẹ̀ ń fi owó yẹn ránṣẹ́ sílé, ìyá ń retí ẹ̀, àbúrò ń retí ẹ̀. Tí ẹ bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó dín iṣẹ́ kù kó lè gba A, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, torí àìlówó náà ń jẹ ọpọlọ, ẹni tí ò mọ ibi tí owó ilé oṣù tó ń bọ̀ máa gbà wá ò lè kàwé bó ti wù kó ráyè tó. Olùwádìí méjì, Judith Scott-Clayton àti Veronica Minaya, wo ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń san lára owó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ètò tó bẹ̀rẹ̀ látinú òfin 1964, èsì wọn ní 2016 sì la ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Fún àwọn tó jẹ́ pé wọ́n máa ṣiṣẹ́ náà ni, ètò yìí tàbí òmíì, ètò yẹn jẹ́ kí máàkì wọn dáa sí i, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè parí ẹ̀kọ́ wọn, torí pé iṣẹ́ tó rọrùn jù ló gba ipò iṣẹ́ tó le. Fún àwọn tí kò ní ṣiṣẹ́ rárá ká ní ètò yẹn ò sí, máàkì wọn fà sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ríṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Nínú ètò kan náà! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fẹ́ gbọ́ kí wọ́n kàn máa sọ pé iṣẹ́ dáa tàbí iṣẹ́ ò dáa, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí ọmọ yẹn ì bá máa fi wákàtí yẹn ṣe.

Àǹfààní wà nínú ẹ̀ o, mi ò ní parọ́. Káńtà yẹn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tínú ń bí sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè, òun ló kọ́ mi pé aago márùn-ún kì í ṣe aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méje, àwọn tó gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn yunifásítì sì bi mí nípa ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe bi mí nípa máàkì lọ. Kò pa á rẹ́ pé mo gbàgbé ohun tó wà nínú ìwé tí mo fẹ́ràn jù.

Àwọn yunifásítì náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe tí kò ní ná wọn ní púpọ̀. Kí wọ́n gbé táímù-tébù jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má máa yí padà lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta, torí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ti fi ti àkọ́kọ́ bá ọ̀gá ẹ̀ ṣàdéhùn. Kí wọ́n kó lẹ́kíṣọ̀ jọ sí ọjọ́ mẹ́ta dípò kí wọ́n tú u ká sí márùn-ún, wákàtí kan níbí wákàtí kan lọ́hùn-ún. Kí wọ́n gba ohùn lẹ́kíṣọ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ò ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo lò ń ṣe é, kó tó bèèrè ìdí tó fi pẹ́ dé. Nígbà tèmi, nínú ọdún mẹ́rin, ẹnì kankan ò bi mí. Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì mi pé mi ò fojú sí ẹ̀kọ́ tó.

Ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀ báyìí, tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ẹ sì ń kàwé, ẹ lọ sí kọ́ọ̀sì tó le jù fún yín, ẹ fún un ní wákàtí tí ojú yín mọ́ jù láàárọ̀, kí iṣẹ́ má fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ ka wákàtí ojú ọ̀nà mọ́ iṣẹ́, torí iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi wákàtí méjì dé, mẹ́fà ni. Tí ẹ bá sì rí i pé ẹ ti fẹ́ sọ kọ́ọ̀sì kejì kalẹ̀ láàárín sáà kan, ẹ tètè lọ bá ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀.

Ọdún tí mo máa jáde, ẹni tá a jọ gbé yàrá ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ẹ̀ka tiwọn, ó ń fọ ìgò ó ń to nǹkan, wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ́sẹ̀, owó tó ń gbà níbẹ̀ ò tó tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú sáà ó mú táímù-tébù ẹ̀sáàmù lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ ẹ̀sáàmù ká, ó fa ìlà sí ọjọ́ méjì méjì tó ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lè wá àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n màá san án padà nígbà ọlidé. Ọkùnrin yẹn wò ó, ó bi í pé ṣé ọjọ́ méjì tó, ó gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ọjọ́ kan kún èyí tó jẹ́ ti kẹ́mísìrì, ó wá buwọ́ lù ú. Bébà yẹn wà lára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ títí tá a fi kó jáde.